Ohùn Ọ̀wọ́n àti Ohùn Ọ̀pọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Láti ìgbà tí aláyé ti dá ayé títí di ọdún 1877, kò sí ẹni tí ó lè bá òwe yìí jiyàn. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ tán, afẹ́fẹ́ ni ó ni ọ̀rọ̀ náà. Bí akéwì bá kú, ohùn rẹ̀ a bá a wọ ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà, Thomas Edison ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi irin tí ó fẹ́lẹ́ bí ewé wé agolo kan, ó ń yí agolo náà, ó sì sọ̀rọ̀ sí i. Nígbà tí ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, agolo dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un. Ẹyin bọ́ sílẹ̀, kò fọ́.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń tẹ̀lé gbogbo ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ orin tàbí ọ̀rọ̀ nínú ilé rẹ̀: èwo ni kí a mú, ṣé ohùn tí ó dára jù ni, tàbí èyí tí apá wa ká tí kò sì ni wá lára láti lò? Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ afẹ́ lásán ni, ọ̀rọ̀ àwọn tí owó ń yọ lẹ́nu. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì ti ka ìtàn àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí bí ẹni tí ń ka ìtàn ogun tí a jà ní ìlú òkèèrè. N kò mọ̀ pé ogun náà ti wọ ilé bàbá mi, tí ó sì ti kó ẹrù lọ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Agolo Edison ní ẹ̀bùn kan tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé: ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ náà lè gba ohùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá lè gba ohùn ọmọ rẹ̀ nínú yàrá, kí ó sì gbọ́ ọ ní ọjọ́ kejì. Ní ọdún 1887 ni Emile Berliner, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ti di ará Amẹ́ríkà, gbé giramafóònù tirẹ̀ jáde, èyí tí ó ń lo àwo pẹlẹbẹ dípò agolo. Onílé kò lè fi àwo yìí gba ohùn ẹnikẹ́ni. Àléébù mìíràn tún wà lára rẹ̀: bí abẹ́rẹ́ bá ti ń súnmọ́ àárín àwo, ojú ọ̀nà tí ó ń tọ̀ kò yára kọjá lábẹ́ rẹ̀ mọ́ bí ti etí àwo, ohùn a sì máa rẹ̀wẹ̀sì. Agolo kò ní àrùn yìí, nítorí bákan náà ni ó ń sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Síbẹ̀, àwo ni ó ṣẹ́gun. Kí ni ìdí? A lè fi òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tẹ àìmọye àwo jáde, bí ìgbà tí a ń tẹ ìwé ìròyìn, nígbà tí ó jẹ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ àwọn akọrin ní láti máa tún orin kan náà kọ léraléra kí agolo tó lè pọ̀ lọ́jà. Àwo ṣeé tò jọ sínú àpótí. Agolo ń fẹ́ ilé tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Edison kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1912 òun náà gbé àwo jáde, tí ó ń fi òkúta dáyámọ́ńdì ṣe abẹ́rẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 1915 ni ó ti ń pe àwọn ènìyàn jọ sínú gbọ̀ngàn ńláńlá, tí akọrin yóò dúró ti ẹ̀rọ lórí ìtàgé, tí wọn yóò pa iná, tí wọn yóò sì ní kí àwọn ènìyàn sọ ìgbà tí ẹlẹ́ran ara dákẹ́ tí ẹ̀rọ gba orin lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Àwo náà dára. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ̀ nípa ẹ̀rọ sì gbà pé ohùn rẹ̀ mọ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní àkókò náà. Ṣùgbọ́n ó nípọn, ó wúwo, owó gọbọi ni wọ́n ń tà á, kò sì ṣeé lò lórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn bí kò ṣe pé a ṣe àtúnṣe sí i. Ní ọdún 1929 Edison ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ àwo rẹ̀ pa. Ẹni tí ó kọ́kọ́ mú ẹyin tí kò fọ́ wá sáyé ni ó kógbá sílé.

Àwo òyìnbó yìí náà ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní àwọn ọdún 1920, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ní ọdún 1936, Túndé King kọ orin jùjú sínú àwo fún Parlophone. Àwo tí wọ́n fi oje kòkòrò ṣe ni, ó dúdú, ó wúwo, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó di àfọ́kù. Ìṣẹ́jú bí 3 péré ni ojú kan rẹ̀ ń gbà. Ẹni tí ó bá mọ òde àríyá Yorùbá yóò mọ̀ pé ìṣẹ́jú 3 kò tó kí onílù kí olóde tán, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti àwọn àna. Àwọn akọrin wa gé orin wọn kúrú kí ó lè bá àwo mu. Agbádá náà ni a ń gé, kì í ṣe ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1948 ni ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá tí a ń pè ní elipíì jáde. Ike ni wọ́n fi ṣe é, kì í tètè fọ́, ariwo abẹ́rẹ́ kò pọ̀ lórí rẹ̀, ojú kan rẹ̀ sì ń gba ohun tí ó lé ní ìṣẹ́jú 20. Ní ọdún kejì, RCA Victor gbé àwo kékeré tirẹ̀ dé, èyí tí ó ń yí ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, tí kò gùn, tí kò sì wọ́n. Àwọn méjèèjì jọ jà díẹ̀, wọ́n sì pín ọjà náà láàrin ara wọn: orin kan ṣoṣo fún kékeré, àkójọ fún ńlá. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1970, Ebenezer Obey àti Sunny Adé ti ń fi ojú elipíì kan ṣe orin kan tí kò dáwọ́ dúró, tí ìlù yóò máa bá ìlù lọ, tí wọn yóò máa ki ènìyàn kan tẹ̀lé èkejì, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ó rí lóde. Nítorí náà kí a ṣọ́ra: kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ohùn dídára àti ìrọ̀rùn ń bá ara wọn jà. Nígbà mìíràn wọ́n a jọ wọlé pọ̀.

Ṣùgbọ́n àwo nílò ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì nílò owó. Ohun tí ó kọ́kọ́ wọ ilé mẹ̀kúnnù ní Èkó ni àpótí kékeré kan tí okùn fà wọlé láti ilé-iṣẹ́ ìjọba ní oṣù kejìlá ọdún 1935. Ìbàdàn rí tirẹ̀ ní ọdún 1939. Onílé kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni. Bí ó bá bú ọ, o kò lè fèsì. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ tí rédíò náà wá jogún. Ní ọdún 1954, wọ́n ta rédíò tiransísítọ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, Regency TR-1, ní dọ́là 49.95. Ohùn rẹ̀ tínrín bí ohùn ẹ̀fọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò ńlá inú ilé. Àmọ́ ó wọ inú àpò, bátìrì ni ó ń lò, àwọn irú rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e sì ń pọ̀ sí i lọ́jà. Ẹni tí ó wà ní oko tí iná ìjọba kò dé lè gbé e kọ́ ẹ̀ka igi kí ó máa gbọ́ ìròyìn bí ó ti ń kọ ebè.

Ìbéèrè kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá bi ara wa. Èdè olóhùn ni èdè wa. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kọ̀. Báwo ni gbohùngbohùn tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tí kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ rárá, ṣe ń bá wa sọ Yorùbá tí a fi ń gbọ́ ọ yékéyéké? Ìdáhùn rẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀. Ohùn tí ó bá jáde lọ́fun ènìyàn kì í ṣe ẹyọ kan. Ó dà bí ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ tò tẹ̀lé e, tí olúkúlùkù wọn dúró ní ipò tí ìyá yàn fún un. Ẹ̀rọ kékeré kò lè gbé ìyá, àwọn ọmọ nìkan ni ó ń gbé jáde. Ṣùgbọ́n bí etí bá ti gbọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ti tò, ó mọ ibi tí ìyá wà. Báyìí ni dò, re, mí wa ṣe ń la inú ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ kọjá láìsọnù. Ìtumọ̀ kì í ṣòfò. Ohun tí ń ṣòfò ni ara ohùn: ìwúwo rẹ̀, èémí rẹ̀, àti yàrá tí a ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Bàbá mi ní rédíògíráàmù. Àpótí onígi ni, ó gùn bí ibùsùn, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, a sì ń fi epo nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí bàbá mi bá gbé àwo Haruna Ishola lé e ní ọjọ́ Àìkú, a ó máa gbọ́ ọ̀nà tí ọwọ́ fi ń bọ́ lára awọ ìlù. Àwa ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí iná bá lọ, ó di àpótí lásán. Ìyá mi ní tirẹ̀ ní ilé ìdáná: ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ ti já, tí ó fi rọ́bà dè. Bí bátìrì rẹ̀ bá rẹ̀, ó ń sá wọn sí oòrùn. Bí téèpù bá tú, àwa ọmọ ń fi bíró yí i padà. Láàárọ̀ ìwàásù, lọ́sàn-án fújì, lálẹ́ ewì Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ tàbí ti Láńrewájú Adépọ̀jù. Ẹ̀rọ bàbá mi ni a bọ̀wọ̀ fún. Ti ìyá mi ni a gbọ́.

Nígbà tí mo dàgbà ni mo ka ìtàn kásẹ́ẹ̀tì. Philips, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Họ́láńdì, ni ó fi í hàn ní Berlin ní ọdún 1963. Lou Ottens tí ó ṣe olórí iṣẹ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn. Ó gé igi pẹlẹbẹ kan, ó kì í bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó sì wí pé bí ẹ̀rọ àwọn yóò ti mọ nìyí. Téèpù tí àwọn ènìyàn ń lò nínú ilé tẹ́lẹ̀ ń sáré tó sẹ̀ǹtímítà 19 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti kásẹ́ẹ̀tì kò tó 5, ó sì tínrín ju ìyẹn lọ. Ìdí tí ó fi ń ṣe ṣíṣì bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òjò tí ń rọ̀ lókèèrè nìyẹn. Philips gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn láti máa ṣe irú rẹ̀ láìgba owó lọ́wọ́ wọn, ó sì tàn ká gbogbo ayé. Ohùn tí kò tó ti téèpù ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó dá ẹ̀bùn tí agolo Edison mú lọ padà fún wa. Onílé tún lè gba ohùn sílẹ̀.

Ní ọdún 1984, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 9, a sọ àbúrò mi lórúkọ. Ìyá bàbá mi gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ìyá mi sáré gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gba ohùn yín sílẹ̀."

Ìyá àgbà wo ẹ̀rọ náà títí. "Ìyàwó mi, bí ó bá gbà á tán, ṣé yóò dá a padà fún mi?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó kì fún ohun tí ó tó wákàtí kan, láti orí baba ńlá dé orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ó dárúkọ àwọn tí a kò tíì gbọ́ orúkọ wọn rí. Kò pé ọdún méjì tí ó fi sùn. Rédíògíráàmù wà ní pálọ̀ ní gbogbo àkókò náà, ó ń dán, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1982, wọ́n ti ń ta àwo CD ní Jàpáàn, ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ yẹ́ẹ̀nì 168,000. Ó ń ka ohùn ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ ní nọ́ńbà. Kò sí ariwo abẹ́rẹ́, kò sí ṣíṣì. Àmọ́ nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀: ìṣẹ́jú kan gba megabáìtì bí 10. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì ní Fraunhofer, tí Karlheinz Brandenburg wà lára wọn, wá ọ̀nà láti dín in kù, ní ọdún 1995 ni wọ́n sì fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, MP3. Ọgbọ́n rẹ̀ nìyí: bí dùndún bá ń dún kíkankíkan, etí kò lè gbọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. MP3 ń wá irú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń jù ú nù. Ó lè dín orin kù sí ìdá kan nínú 11, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn má sì mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, orin tí ó yọ wọ́n lẹ́nu jù kì í ṣe ti ẹgbẹ́ akọrin ńlá. Orin Suzanne Vega tí ó dá kọ láìsí ìlù kankan ni. Ohùn ènìyàn kan ṣoṣo, kò sí ibi tí a fẹ́ fi àbùkù pamọ́ sí.

N kò mọ ìtàn yìí ní ọdún 2009. Mo mú kásẹ́ẹ̀tì ìyá àgbà, mo fi okùn so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi, mo sì gbà á sínú rẹ̀. Ó tó megabáìtì 600. Fóònù mi kò lè gbà á. Mo ní kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di MP3 tí ó kéré gan-an, ó di megabáìtì 14, inú mi dùn. Mo pa ńlá náà rẹ́, nítorí kọ̀ǹpútà kì í ṣe tèmi. Ṣebí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà nílé. Ní ọdún 2011, ẹbí wa kan yá kásẹ́ẹ̀tì náà láti lò ó níbi ìpàdé ẹbí, ẹ̀rọ jẹ téèpù, ó já sí ọ̀nà mẹ́ta, apá kan sì ká mọ́ inú ẹ̀rọ tí a kò fi lè tú u.

Ohun tí mo ní lónìí ni megabáìtì 14. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, gbogbo orúkọ rẹ̀ yé mi, àmì ohùn kan kò sọnù. Ṣùgbọ́n èémí tí ó ń fà kí ó tó gbé orúkọ tuntun kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ kà á sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àtẹ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé di bí ìgbà tí a ń da omi. Mo rántí pé àbúrò mi sunkún lẹ́ẹ̀kan. N kò gbọ́ ẹkún náà mọ́. Ìyá àgbà ń ki wa bí ẹni tí ó jókòó sí ìsàlẹ̀ odò. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ni mo ru igbá yìí.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi pé ó yẹ kí a ti fi ẹ̀rọ tí ó dára gba ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀rọ bàbá yín dára púpọ̀. Ta ni ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀ rí?" N kò lè dá a lóhùn. Megabáìtì 14 náà ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń fi í sọ ọmọ lórúkọ. Èyí tí ó tó 600 ìbá má rin ìrìn yẹn ní ọdún 2009.

Nítorí náà, bí mo ti wọn ọ̀rọ̀ yìí sí nìyí. Ìtàn kò dá ẹni tí ó mú ohùn ọ̀pọ̀ lẹ́bi. Bí kì í bá ṣe àwo tí a ń tẹ̀, àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì, rédíò inú àpò àti kásẹ́ẹ̀tì, ohùn Yorùbá ìbá ti jẹ́ ẹrù àwọn olówó díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àwo tí ó dára ju CD lọ jáde, SACD ní ọdún 1999 àti DVD-Audio ní ọdún 2000, ọjà kò dá wọn lóhùn; àwọn ènìyàn ti gba ọ̀dọ̀ MP3 lọ. Ṣùgbọ́n orin tí a ń tà, ẹlòmíràn ń tọ́jú ojúlówó rẹ̀ sí ibìkan. Bí tèmi bá bàjẹ́, n ó ra òmíràn. Ohùn ìyá ẹni kò ní ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú ojúlówó rẹ̀. Ìwọ ni ilé-iṣẹ́ náà.

Ìka tí ó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń lọ sílé ní ìsinmi yìí, ẹ má ṣe dúró de ẹ̀rọ olówó ńlá. Fóònù tí ó wà lápò yín ju ẹ̀rọ ìyá mi lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà yín, ẹ gba ohùn wọn. Èyí tí ó kéré, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kọ́kọ́ gbà, bí ó ti wù kí ó tóbi tó, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ̀dà kan wà ní ilé kan, kí èkejì wà ní ilé mìíràn, kí ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni. Bí ìyá àgbà bá bi yín pé ṣé ẹ̀rọ yóò dá ohùn òun padà, kí ẹ lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú èémí rẹ̀.